Ẹ Jẹ́ Ká Kọ́ Áàpù Níṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bìgì Mọ́mì, ń ta tòmátì ní Mile 12. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù á ti òkè Ọya dé lóru, àwọn alábàárù á máa sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, àwọn tó wá rajà láti Ikorodu àti Ojota á ti máa nájà. Nínú gbogbo ariwo yẹn, ìwé pelebe kan máa ń wà lọ́wọ́ Bìgì Mọ́mì, etí rẹ̀ ti ká. Orúkọ ẹni tó kó ọjà ránṣẹ́ wà lókè. Òdo kékeré dúró fún apẹ̀rẹ̀ tó ti rà lọ́nà. Àmì bí àgbélébùú dúró fún èènì. Ìlà méjì lábẹ́ orúkọ, àwìn nìyẹn. Kò sí ilé ìwé tó kọ́ ọ ní èyí. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe é, nítorí òun ló mọ ohun tó fẹ́ rántí.

Lẹ́yìn náà ni áàpù dé.

N kò ní dárúkọ iléeṣẹ́ tó ni ín. Àwọn ọmọ kan tí wọ́n wọ ẹ̀wù àwọ̀ kan náà ló wá sọ́jà, wọ́n ní kí àwọn oníṣòwò ju ìwé nù, wọ́n ní ayé ti dayé fóònù. Èmi gan-an ni mo bá Bìgì Mọ́mì gbé e sórí fóònù rẹ̀. Inú mi dùn. Ìgbà tó di ọjọ́ kẹta ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe. Bọ́tìnì méjì péré ni áàpù yẹn ní tó wúlò: "owó wọlé" àti "owó jáde". Kò mọ tòmátì tó rà. Kò mọ̀ pé iye tí a ń ta apẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìdájí kì í ṣe iye tí a máa tà á lọ́sàn-án. Kò mọ èènì rárá. Kò mọ̀ pé tí ọjà bá tà tán, a gbọ́dọ̀ yọ owó ọkọ̀, owó alábàárù àti èrè alágbàtà kí a tó mọ iye tó kan ẹni tó kó ọjà wá láti Kano. Gbogbo ìṣirò yìí, Bìgì Mọ́mì ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, tí á sì tún wá máa tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun kan náà ló ń tẹ̀ lálaalẹ́.

Ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò lónìí kò ju ọ̀kan lọ. Áàpù tí ẹni tó ń lò ó kò lè kọ́ níṣẹ́ kì í ṣe irinṣẹ́. Ọ̀gá ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ áàpù fún ọjà wa, fún ṣọ́ọ̀bù wa, fún ilé ìwé wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi macro sí i, kí àwa náà lè kọ àṣẹ tiwa síbẹ̀.

Kí ló ń jẹ́ macro? Ẹ fojú inú wo ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọ̀gá gé aṣọ, ọmọ ń wò ó. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá sọ pé, "Ṣe é bí mo ṣe ṣe é lánàá." Macro tó rọrùn jù nìyẹn: ẹ ṣe iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan, kọ̀ǹpútà ń wò yín, ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́la, bọ́tìnì kan péré lẹ máa tẹ̀, á sì tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ tó gbọ́n kì í fara wé ọ̀gá lásán. Ẹ lè sọ fún un pé, "Tí aṣọ kò bá tó, má gé e o, wá pè mí." Macro tí a lè kọ bí ìwé, tí a lè fi "tí" àti "bí" sí, nìyẹn: tí apẹ̀rẹ̀ tó rà bá ju márùn-ún lọ, kọ orúkọ ọlọ́jà náà sí ẹ̀gbẹ́ kan kí n pè é. Àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pe irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní script. Kò sí awo kankan níbẹ̀.

Mo gbìyànjú ẹ̀ wò. Nígbà yẹn, áàpù náà ṣì ń gbà kí èèyàn kó àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde. Mo kó ti oṣù kan sínú Excel lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká mi nílé ní Ikosi, mo ṣe ìṣirò alẹ́ kan níṣojú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kọ ọ́ sílẹ̀, mo tún ìlà díẹ̀ ṣe nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tó ń gba Bìgì Mọ́mì ju wákàtí kan lọ kò tó ìṣẹ́jú kan mọ́. Ó ní kí n tún un ṣe lójú òun. Mo tún un ṣe. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ yìí, o ò ṣe ti ń sọ̀rọ̀ látijọ́?"

Kí ẹ má baà rò pé mò ń pọ́n ara mi, mo bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Lálẹ́ ọjọ́ kan, macro mi ka apẹ̀rẹ̀ tó rà mọ́ èyí tí a tà. A san owó lé fún ọlọ́jà kan. Ẹ̀bi mi ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó tẹ̀lé e: mo ṣí àkọsílẹ̀ náà, mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo rí ìlà tí mo ti ṣì í kọ, mo sì tún un ṣe lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Nígbà tí áàpù yẹn fúnra rẹ̀ ṣi owó ṣírò lóṣù tó ṣáájú, ta ló rí inú rẹ̀? Wọ́n ní àwọn ti gbọ́, àwọn á fi tó àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ létí. A ṣì ń retí.

Kò pẹ́ sígbà yẹn, wọ́n tún áàpù ṣe. Àwọ̀ rẹ̀ yí padà, ó rẹwà lójú. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a fi ń kó àkọsílẹ̀ jáde ti lọ. Macro mi di ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́ síta. Kí ni Bìgì Mọ́mì ṣe? Ó lọ ra ìwé pelebe tuntun. Àwọn kan á ní ojú rẹ̀ kò là, pé àgbàlagbà ọjà kì í fẹ́ ohun tuntun. Irọ́ ni. Ìwé náà ló gbà fún un kó dá àmì tirẹ̀ sílẹ̀. Ìwé gbẹ̀kọ́ ju áàpù lọ.

Ohun tí mò ń bèèrè yìí kì í ṣe tuntun, kì í sì í ṣe ti àwọn ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà jù. Láti ọdún 1976 ni Emacs ti wà, ohun èlò ìkọ̀wé orí kọ̀ǹpútà tó jẹ́ pé inú ọ̀rọ̀ macro gan-an ni orúkọ rẹ̀ ti jáde. Lotus 1-2-3, tí àwọn ọ́fíìsì fi ń ṣe ìṣirò kí Excel tó gbòde, jáde ní 1983 pẹ̀lú macro nínú. Ní 1993, Microsoft fi èdè VBA sínú Excel. Ọ̀pọ̀ akáǹtì àti ọ́fíìsì káàkiri ayé ló ń jẹun lórí rẹ̀ títí dòní. Nígbà tí iléeṣẹ́ yẹn kan náà gbé Office jáde fún kọ̀ǹpútà Mac ní 2008 láìsí VBA nínú, àwọn tó ń lò ó fárígá. Nígbà tí Office 2011 fún Mac máa jáde, wọ́n ti dá a padà. Google náà fi bọ́tìnì tí ń gba macro sílẹ̀ sí Sheets ní 2018. LibreOffice, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ń gba Basic, ó ń gba Python.

Ṣé ẹ rí i? Níbi tí àwọn ènìyàn ti lẹ́nu, tí wọ́n bá yọ macro kúrò, wọ́n máa pariwo, wọ́n á sì dá a padà fún wọn. Ní ọ̀dọ̀ wa, wọn ò fi í sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Orí fóònù ni wọ́n ti ń pàdé wa, Excel orí fóònù pàápàá kì í lo VBA. Fóònù yìí sì ni kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ èèyàn ní Kosofe ní. Ìyẹn ni pé ẹni tó ní kọ̀ǹpútà ńlá lè kọ́ ẹ̀rọ níṣẹ́, ẹni tó ní fóònù nìkan, kó máa tẹ bọ́tìnì lọ.

Bí ẹ bá rò pé ọ̀rọ̀ ọjà nìkan ni, ẹ jẹ́ kí n mú un wá sílé, sọ́dọ̀ ẹ̀yin tí ẹ ń ka èdè Yorùbá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ mú lẹ́tà kan ṣoṣo, ẹ́, tó ní àmì lókè àti ẹ̀ẹ́kán nísàlẹ̀. Nínú Unicode, ìlànà tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń to lẹ́tà, lẹ́tà yìí kò ní nọ́ńbà tirẹ̀ tó dá dúró. Ẹ lè kọ e, kí ẹ fi ẹ̀ẹ́kán sí i, kí ẹ tó fi àmì ohùn sí i. Ẹ lè kọ́kọ́ fi àmì ohùn sí i kí ẹ̀ẹ́kán tó tẹ̀lé e. Ẹ lè mú ẹ tó ti ní ẹ̀ẹ́kán, kí ẹ wá fi àmì ohùn lé e. Ẹ lè mú é tó ti ní àmì, kí ẹ fi ẹ̀ẹ́kán sí i. Ọ̀nà mẹ́rin nìyẹn, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú wa, ṣùgbọ́n áàpù tí wọn ò bá kọ́ lè kà wọ́n sí ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ wá "ẹ́kà" nínú ìwé ogójì ojú ewé, ó ní kò sí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ ń wò ó báyìí.

Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń báni tẹ̀wé ní Ketu. Ẹ wo ọmọbìnrin tó ń tẹ iṣẹ́ àṣekágbá ọmọ yunifásítì tó kọ ọ́ ní Yorùbá. Ó ń fọwọ́ wá àmì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dà á kọ láti ibòmíì, ó tún ń padà wá tún un ṣe. Macro tó máa sọ ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di ọ̀kan kò ju ìlà díẹ̀ lọ. Èèyàn kan á kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà lójú títì yẹn á gbà á lò. Ìgbà wo ni iléeṣẹ́ ńlá òkè òkun máa jókòó ro ti ẹ̀ẹ́kán wa? Ojú olójú kò lè dà bí ojú ẹni. Bí wọn ò bá ní ráyè ṣe é fún wa, kí wọ́n ṣílẹ̀kùn ká ṣe é fúnra wa.

Mo mọ ohun tí àwọn tó ń kọ áàpù máa sọ. Mo ti bá wọn jiyàn.

Wọ́n á kọ́kọ́ ní macro ń gbé kòkòrò wọlé. Òótọ́ ni. Ní 1995, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Concept gba inú macro Word tàn káàkiri. Ní oṣù kẹta 1999, Melissa dé. Ẹni tó bá ṣí ìwé náà, á fi ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí àádọ́ta èèyàn àkọ́kọ́ nínú àkójọ àdírẹ́sì onítọ̀hún. Ó di 2022 kí Microsoft tó bẹ̀rẹ̀ sí í dí macro tó bá ti orí íńtánẹ́ẹ̀tì wá, láìdúró kí ẹnikẹ́ni sọ pé kó dí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe dáadáa: wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sí ìlẹ̀kùn, wọn ò mọ ògiri dí i. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àṣìṣe wọn látijọ́ ni pé macro lè fọwọ́ kan gbogbo nǹkan nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí macro Bìgì Mọ́mì rí àkọsílẹ̀ tòmátì Bìgì Mọ́mì nìkan. Kó má lè fi owó ránṣẹ́, kó má lè ka nọ́ńbà àwọn èèyàn rẹ̀, kó má lè jáde sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ iṣẹ́ lè wà ní ṣọ́ọ̀bù kó má ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ọ̀gá.

Ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n á ní iṣẹ́ náà pọ̀ jù fún iléeṣẹ́ kékeré. Níbí ni mo ti fẹ́ mú yín lọ sí Brazil. Ní 1993, ní yunifásítì PUC ní Rio de Janeiro, Roberto Ierusalimschy, Luiz Henrique de Figueiredo àti Waldemar Celes ṣe èdè kékeré kan tí wọ́n pè ní Lua. Ọ̀rọ̀ Potogí ni, òṣùpá ló túmọ̀ sí. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ gbajúmọ̀. Petrobras, iléeṣẹ́ epo rọ̀bì ìlú wọn, ní àwọn ẹnjiníà tó mọ epo ṣùgbọ́n tí kì í ṣe oníkọ̀ǹpútà, wọ́n sì fẹ́ lè pàṣẹ fún ohun èlò wọn fúnra wọn. Ìṣòro Bìgì Mọ́mì gan-an nìyẹn! Ìjọba Brazil ti fi òfin dí ọjà kọ̀ǹpútà láti òkè òkun fún ìgbà pípẹ́, àwọn èèyàn ibẹ̀ sì ti mọ́ ara wọn lára láti máa ṣe tiwọn. Lónìí, Lua wà nínú World of Warcraft, irú rẹ̀ kan sì ni àwọn ọmọdé fi ń ṣe géèmù nínú Roblox. Ọ̀fẹ́ ni. Kò tó 1MB. A ṣe é ní pàtàkì kí á lè fi sínú áàpù ẹlòmíràn, ẹni tó ni áàpù ló sì máa pinnu ohun tí script lè fọwọ́ kàn àti èyí tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Ẹ má sọ fún mi pé agbára yín ò gbé e. Fọ́tò tí ẹ fi ń polówó nínú áàpù yín tóbi jù ú lọ.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ló máa ń bí mi nínú. Wọ́n á ní, "Àwọn ará ọjà ò lè kọ code." Ta ló ní kí gbogbo wọn kọ ọ́? Nígbà tí POS bá ń yọnu ní ìlà tòmátì, ṣé gbogbo ọjà ló ń tún un ṣe? Ọmọ kan wà níbẹ̀ tí gbogbo wọn mọ̀, òun ni wọ́n máa ń pè. Ọmọ yẹn tó. Á kọ ti èènì lẹ́ẹ̀kan, á fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ wọn lórí WhatsApp, alẹ́ ọjọ́ yẹn ni gbogbo ìlà ti ní in. Bí Gẹ̀ẹ́sì inú code bá sì ń dẹ́rù bani, ẹ lọ wo Yorlang, èdè kọ̀ǹpútà tí àṣẹ inú rẹ̀ jẹ́ Yorùbá. Pẹ̀lúpẹ̀lù, obìnrin tó ń rántí nínú orí iye tí èèyàn ogún jẹ ẹ́, tó mọ ẹni tó máa san lọ́jọ́ Ẹtì àti ẹni tó máa sá, ẹ wá ń sọ pé "tí èyí bá rí báyìí, ṣe tọ̀hún" le jù fún un?

Ẹ̀ẹ̀kẹrin, tuntun ni èyí: "AI máa ṣe gbogbo ẹ̀." Kò burú. AI lè kọ script fún Bìgì Mọ́mì kí omi tó hó. Ibo ló máa wá fi script náà sí, nígbà tí áàpù yín kò ní ojú ọ̀nà kankan? AI kò pa macro run. Ó jẹ́ kí ẹni tí kò mọ code lè ní macro ni, tí ẹ bá gbà fún un.

Ẹ jẹ́ ká sọ ojú abẹ níkòó wàyí. Kòkòrò kọ́ ló ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ nínú yín. Ohun tó ń dẹ́rù bà yín ni pé ẹni tó bá lè kọ́ áàpù yín níṣẹ́ máa mọ ohun tí áàpù yín kò lè ṣe. Ẹni tó bá lè kó àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde lè kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ilé ẹlòmíràn. Ó wù yín kí oníbàárà dúró nítorí pé kò rọ́nà jáde. Ṣùgbọ́n ẹ bi ará Mile 12 léèrè bí a ṣe ń mú oníbàárà dúró. Wọ́n á sọ fún yín: èènì ni. Ẹni tí o bá fún ní èènì lónìí á tún dé lọ́la. Macro ni èènì tiyín.

Ohun mẹ́ta péré ni mò ń bèèrè. Àkọ́kọ́, bọ́tìnì tó máa wo ohun tí mo ṣe, tó máa lè tún un ṣe. Ìkejì, ibi tí mo ti lè ka àkọsílẹ̀ yẹn, kí n tún un kọ, kí n fi "tí" àti "bí" sí i, láàárín ọgbà tí ẹ bá sọ yí i ká. Ìkẹta, kí n lè fún ẹlòmíràn ní ohun tí mo kọ, kí n sì lè kó ohun tó jẹ́ tèmi jáde nígbà tó bá wù mí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ bí a ṣe ń kọ áàpù báyìí, ẹ̀yin ni mo ń bá wí jù. Ẹ máa tó di ọ̀gá. Kí ẹ tó ya bọ́tìnì àkọ́kọ́, ẹ lọ sí Mile 12 ní aago mẹ́rin ìdájí, kí ẹ wo ìwé ọwọ́ àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀. Ẹ wo òdo, ẹ wo àgbélébùú, ẹ wo ìlà méjì. Àwọn tó kọ wọ́n ti ń ṣe ètò kí ẹ tó dé.

Bìgì Mọ́mì ṣì ń lo ìwé rẹ̀. Fóònù rẹ̀ wà nínú àpò, ó fi ń pe èèyàn, ó fi ń gba owó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó bi mí bóyá áàpù yẹn ti mọ èènì. Mo ní kò tíì mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Tó bá ti ṣe tán tó fẹ́ kọ́ṣẹ́, kó máa bọ̀."